Àgbò Iléyá mi ń wúkọ́, ṣé kí wọ́n tún un gún lábẹ́rẹ́?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran. Kúbwà níbí l'Ábújá ni mo wà. Àgbò tí mo ń tọ́jú de Iléyá ń wúkọ́ láti ọjọ́ Ajé, ikun ń dà nímú rẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà gún un ní oxytetracycline LA 20% (abẹ́rẹ́ apakòkòrò tó máa ń pẹ́ lára), mílílítà 2 péré. Ara ìgò ni mo ti wá rí i pé mílílítà 1 ni fún kílò 10, bẹ́ẹ̀ àgbò yìí á tó kílò 40 (ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n o). Ó ti ń jẹ èèpo iṣu díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ikọ́ ò lọ. Ṣé kí wọ́n tún un gún, àbí kí n wá dókítà ẹran kó yí oògùn padà? Iléyá ku ọ̀sẹ̀ 3: ọjọ́ mélòó ló yẹ kó kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ká tó lè jẹ ẹran rẹ̀? Ọmọ kékeré wà nílé mi.