Kí ló dé tí bíìdì kì í dúró sáàárín omi?

Ìbéèrè (Adó-Èkìtì): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ọ̀nà omi inú gíláàsì fẹ̀ tó 375 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), piezo 2 MHz wà lábẹ́ rẹ̀: iná mànàmáná ló ń mú un gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi ń rán ìró sínú omi, kí ìró náà lè to bíìdì sáàárín. Bíìdì polystyrene (hóró ike kékeré) 5 µm á tò sáàárín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á tún fọ́n ká.

Ìdáhùn (Ìkẹ́rẹ́): Ooru ni. Ìwọ̀n yín dára: ìró ń sáré tó mítà 1,480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, ìdajì gígùn ìgbì ìró ní 2 MHz á sì jẹ́ 370 µm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá fífẹ̀ ojú ọ̀nà yín mu. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń gbóná, ìró á túbọ̀ yára, 2 MHz ò ní bá a mu mọ́. Ẹ yí iye MHz náà díẹ̀díẹ̀ láàárín 1.9 sí 2.1, kí ojú yín wà nínú maikirosíkóòpù títí ìlà bíìdì kan ṣoṣo á fi yọ, tín-ín-rín bí òwú. Ẹ dín fóltéèjì kù, ẹ gbé fáànù sí i.

Ìdáhùn (Ìjerò): Ẹ wo gúlúù tó so piezo mọ́ gíláàsì dáadáa, ẹ jọ̀ọ́! Afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀, bó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ń dí ìró lọ́nà. Epoxy (gúlúù tó máa ń le gan-an) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi gan.

Ìbéèrè: Bíìdì 0.5 µm ńkọ́?

Ìdáhùn (Ìkẹ́rẹ́): Ìyẹn ò ní gbọ́ràn. Agbára ìró lórí rẹ̀ kéré sí ti 5 µm ní ìlọ́po 1,000. Omi tó ń yí po nínú ibẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri.