Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé sányán ìyá mi sí gáùn ìgbéyàwó?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Nígbà tí a pín ẹrù ìyá wa tó di olóògbé, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n kó sányán rẹ̀, ìyẹn irú aṣọ òkè kan, fún: ìró, ìpèlé àti gèlè. Ìyá wa kì í wọ̀ ọ́ bí aṣọ kan ṣáá. Bí ẹ bá ti rí i nínú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá ló délé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ró o lọ sí òde, ìyá arúgbó kan ládùúgbò fi oríkì ìyá mi kí mi kí ó tó wo ojú mi. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Ní báyìí, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó sì fẹ́ kí télọ̀ gé ìró náà sí gáùn, ó ní bí a bá tì í mọ́nú àpótí, kòkòrò ni yóò jogún rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní bí àlùmọ́gàjí bá fi lè kan aṣọ náà, kí n má pe òun sí ìgbéyàwó. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì

Ẹ má gé e, ẹ̀gbọ́n mi. Bí a ṣe wọ aṣọ wà lára ohun tí aṣọ ń sọ nípa ẹni. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nígbà tó ń kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti tako owó orí ní àwọn ọdún 1940, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, kí àwọn ìyá ọlọ́jà má bàa rí i bí àlejò láàárín wọn. Bí ọmọ yín bá ró sányán yẹn, gbogbo ẹbí ni yóò rí ọmọ-ọmọ ìyá yín. Bí ó bá wọ̀ ọ́ ní gáùn, aṣọ tó rẹwà ni wọn yóò rí.

Ọmọ Yorùbá ní Peckham

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ìyá Ìbejì, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Àlàárì, irú aṣọ òkè mìíràn tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀, òwú sílíìkì pupa tí àwọn oníṣòwò gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ni àwọn baba wa fi ń hun ún láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá gba òwú àjèjì tí aṣọ náà sì di tiwọn, kí ló dé tí ọmọ wa kò fi lè gba àrà àjèjì? Níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá wọ aṣọ òkè lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti sọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe, ìbáà ṣe gáùn.

Ọmọ Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

Màmá, ẹ yí ìró náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ínṣì mélòó kan lọ ni wọ́n rán mọ́ra wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi abẹ́rẹ́ tú ojú ìrán láìgé fọ́nrán òwú kan, wọ́n sì lè tún un rán padà. Nítorí náà, ìpèlé ni kí ẹ fún ọmọ yín, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi àwọn ojú aṣọ rẹ̀ sí àyà àti apá gáùn. Kí ìró wà ní odindi. Kí wọ́n hun aṣọ tuntun fún ìyókù gáùn náà. Ṣùgbọ́n sányán gidi, inú ilé kòkòrò inú igbó ni òwú rẹ̀ ti wá, àwọ̀ rúsúrúsú yẹn kì í ṣe aró. Òwú ilé-iṣẹ́ tí a ń lò lónìí kò lè bá a mu tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ tún wo ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìpèlé ni yóò lọ. Àbúrò mi ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n ó ti béèrè irú fìlà tí òun yóò dé. Ọmọ Ahunṣọ, ṣé kí n fi ìpèlé náà ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn kí ẹ fi wo àwọ̀ òwú tuntun?

Ọmọ Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

Rárá, Màmá, ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ gbé e wá fúnra yín, kí a jọ tú u lójú yín.