Adájọ́ tó ń fi ẹjọ́ wa ṣeré, ta la fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn?

Bàbá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ ilẹ̀ wa ní háì kọ́ọ̀tù, lọ́yà méjèèjì ti parí àlàyé wọn ó ti lé lóṣù márùn-ún, adájọ́ ò dájọ́, àfi bá a ṣe rí i lóde ìnáwó ẹni tá a jọ ń ṣẹjọ́, aṣọ ẹbí kan náà ni wọ́n wọ̀! Ibo la máa gbé e lọ?

Àdùkẹ́: NJC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà àwọn adájọ́ ńlá, l'Ábújá ni sà. Ẹ kọ pẹtísọ̀n, ìwé ìfẹjọ́sùn, sí ṣíámánì wọn, ìyẹn adájọ́ àgbà Nàìjíríà, kẹ́ ẹ sì búra sí àfidáfíìtì, ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù, tì í. Oṣù mẹ́fà lẹ ní látọjọ́ tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ o, ẹ tètè.

Lọ́yà Kékeré: Òótọ́ ni. 90 ọjọ́ lófin fún adájọ́ lẹ́yìn àlàyé ìkẹyìn, torí náà ẹ kọ déètì yẹn síbẹ̀ gbangba, ẹ fi fọ́tò aṣọ ẹbí yẹn náà kún un, ẹ má bú u ṣá. Tó bá jẹ́ ìdájọ́ ló kàn dùn yín, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìyẹn o.

Ìyá Ṣadé: Májísíréètì ńkọ́?

Lọ́yà Kékeré: Judicial Service Commission ìpínlẹ̀ yín ni mà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn májísíréètì.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Lọ́yà wa ló ń sá, ó lóun ṣì máa padà síwájú adájọ́ yẹn.

Àdùkẹ́: Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ jàre.