Ìgbà tí mo bá ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń wá: ṣé ó tọ̀nà kí ìdágbére máa tu ni nínú?

Ìyá Akéwì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìkọ̀wé. Ní ọdún tó kọjá, mo sin àbíkẹ́yìn mi dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nígbà tí ó ń lọ kàwé ní London. Wọn kò jẹ́ kí àwa tí a sin èèyàn wá wọ inú lọ. Ẹnu ọ̀nà ni a ti pínyà. Èrò ń ti èrò, ọmọ mi ní, “Màámi, ó dàbọ̀ o,” kí n sì tó lanu, ó ti wọlé. Láti ọjọ́ náà ni tábìlì tí mo ti ń kọ ewì láti bí ogún ọdún ti di ibi tí mo kàn ń jókòó sí lásán.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èbúté Mẹ́ta nítorí ìnáwó ẹbí kan. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, tí àwọn ilé onípáànù ń sá sẹ́yìn, tí oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ sì tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn tí a kúrò ní Ọmí-Àdió, nǹkan kan tú nínú mi. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, mo ti kọ ìlà mọ́kànlá sẹ́yìn ìwé ìpè ìnáwó náà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti wọ ọkọ̀ yẹn láti ìgbà náà, láìní iṣẹ́ kan ní Èkó ju pé kí n lọ kí n sì bọ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: lílọ ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi, lílọ yìí kan náà ni mo sì tún ń lọ bá fún ìtùnú. Ṣé ó tọ̀nà? Kí sì ni ẹ̀yin ń ṣe kí ọ̀rọ̀ tí ẹ rí lójú ọ̀nà má baà gbẹ nígbà tí ẹ bá délé?

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú àárò ọmọ, ìyá wa. Ohun tí ó ṣe yín yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ìdágbére ló bí odidi ẹ̀ka ewì kan, ìyẹn ẹkún ìyàwó. Ọmọbìnrin tí ó ń lọ sílé ọkọ yóò ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin. Bí ọjọ́ bá sì pé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa lọ láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí, yóò máa fi ohùn arò ka oore tí ìyá àti bàbá ṣe fún un, yóò máa sọ ẹ̀rù ilé tí kò gbé rí, yóò sì máa tọrọ ìre. Inú ẹkún yìí kan náà ni yóò ti máa yangàn nípa ìdílé rẹ̀, tí yóò sì máa ki ara rẹ̀ kú oríire. Ìbànújẹ́ àti ayọ̀ jọ ń jáde lẹ́nu kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí ó bi í pé èwo ló tọ̀nà. Ìyá mi àgbà ṣì lè sun tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọjọ́ ogbó, omi a sì máa lé ròrò lójú rẹ̀ níbi kan náà nígbà gbogbo.

Ẹ wá kíyè sí i pé ẹkún yìí ní èsì. Bí ọmọ bá sun ún tán, òbí a wúre fún un, ìgbà náà ni ara tó tu àwọn méjèèjì. Lójú tèmi, ìre tí ẹ kò ráyè wú ní Ìkẹjà ló ń wá ọ̀nà jáde nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn.

Olùkọ́ Ìtàn

Mo fara mọ́ ohun tí Ọmọ Ìsẹ́yìn wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdágbére ni ó máa ń yára di ọ̀rọ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. 1837 ni ó tó kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un sínú lẹ́tà kan. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó kọ ọ́ pé àwọn kàn dì mọ́ra àwọn, tí àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kọ ìwé tó bẹ́ẹ̀ gba ìdákẹ́jẹ́ láyè. Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò wá lórí tábìlì yín, ẹ má fi ipá mú un.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ẹ wo àwọn olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá ní Èkó ní nǹkan bí 1920 sí 1930, bí I. B. Thomas ti Akéde Èkó. Wọ́n a máa kọ ìròyìn ìrìnàjò wọn fún àwọn òǹkàwé, wọ́n a dárúkọ ìlú tí wọ́n dé àti àwọn tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀. Orúkọ ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbẹ. Ẹ kọ orúkọ ibùdókọ̀, ẹ kọ ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ń jẹ; ìmọ̀lára yóò padà wá bá orúkọ náà nílé.

Ọmọ Tó Lọ, Peckham

Ẹ kú ilé, mà. Èmi ni mo wà ní ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo kúrò nílé, ìyá mi kò sunkún lójú mi, kò sì sọ fún mi lórí fóònù rí pé àárò mi ń sọ òun. Ó fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi rò pé lílọ mi kò dun ẹnikẹ́ni, títí àbúrò mi fi sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ni ìyá wa ń gbá yàrá mi, tí ó sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Nínú bọ́ọ̀sì òru, nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ni mo ti sọ ewì mi àkọ́kọ́ sínú fóònù, nítorí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ka ìlà mọ́kànlá yẹn fún ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ kà á fún ọmọ yín. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń dúró dè é.

Ìyá Akéwì, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Tó Lọ, mo sì dìde lọ wo yàrá ọmọ mi, nítorí èmi náà ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo tún wo ìlà mọ́kànlá náà: ohùn ẹni tó ń lọ ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ láìmọ̀. Èsì ni kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, màá tún wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà. Màá kọ ìre náà sílẹ̀ kí a tó dé Abẹ́òkúta, bí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, màá pè é, màá sì kà á fún un.