Abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ṣọ́ọ̀ṣì: báwo ló ṣe máa kan àwọn ará àdúgbò gan-an?

Bùsọ́lá_Philly:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìwọ̀-oòrùn Philadelphia fẹ́ ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù kẹwàá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára flu. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ ò sì mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò. Fámásì kan ti gbà láti kó oògùn àti nọ́ọ̀sì wá. Kí la máa ṣe tí àwọn ará ibòmíràn ò fi ní gba àyè tán mọ́ wọn lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Ẹ kú ìlàkàkà. Ẹ má gbé líǹkì ìforúkọsílẹ̀ kankan síta. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, tó sì ráyè jókòó tì í láàárọ̀, ni yóò kọ́kọ́ gba àyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington Heights, New York, nìyẹn nígbà Kòrónà, ní January 2021: àárín àwọn Látínò ni ibùdó abẹ́rẹ́ wà, àwọn aláwọ̀ funfun láti ìta ló ń kún ibẹ̀, kí wọ́n tó ya ìdá 60 nínú 100 sọ́tọ̀ fún àwọn ará àdúgbò.

Ìwé ni kẹ́ ẹ lò, àti nọ́ńbà fóònù kan tí èèyàn máa gbé. Ẹ fi ìwé náà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, sọ́dọ̀ onídìrí, sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tí àyè bá jẹ́ 100, ẹ kọ orúkọ 70 láti zip code (nọ́ńbà àdírẹ́sì àdúgbò) tiyín, kẹ́ ẹ fi 30 sílẹ̀ fún ará àdúgbò tó bá kàn yà wọlé. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi béèrè àdírẹ́sì. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ wá, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì pé kò ní wá, kò sì ní mú ọmọ rẹ̀ wá.

Ẹ má ṣe é mọ sí ọ̀sán nìkan. Ní Philadelphia tiyín níbẹ̀, Dókítà Ala Stanford àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú rẹ̀, Black Doctors COVID-19 Consortium, ṣí gbọ̀ngàn Liacouras fún wákàtí 24 gbáko ní February 2021, láìsí pé èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 4,000 èèyàn ló gba abẹ́rẹ́ Kòrónà.

Kúnlé_Fámásì:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti òtútù kún un. 2°C sí 8°C ni àjẹsára flu gbọdọ̀ wà. Nínú kúlà, yìnyín léwu fún un ju bí ẹ ṣe rò lọ: ẹ gbé áìsì páàkì látinú firísà lé e pẹ́nrẹ́n, ó ti dì nìyẹn. Èyí tó bá ti dì rí kò wúlò mọ́, kódà kó yọ́ padà kó sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìgò omi oníke tó ti dì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yìnyín inú rẹ̀ yóò fi máa yí fàlàlà tẹ́ ẹ bá yí ìgò náà. Ẹ tò wọ́n sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ páálí lé wọn, lẹ́yìn náà bubble wrap (ọ̀rá tó ní afẹ́fẹ́ nínú), kí oògùn àti tẹmómítà wà láàárín, kẹ́ ẹ tún fi bubble wrap bò ó, lẹ́yìn náà páálí, kí ìgò wà lókè pátápátá.

Bùsọ́lá_Philly:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tí kò ní ínṣọ́ọ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Ẹ bi fámásì ta ni yóò sanwó rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín kí ọjọ́ tó pé. Tí bíìlì kan péré bá délé ìyá àgbà lẹ́yìn oṣù kan, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Medicare Part B, ínṣọ́ọ̀ ìjọba tó wà fún àwọn àgbà, ń san ti flu pátá. Fún ẹni ọdún 65 sókè, ẹ ní kí wọ́n kó èyí tó lágbára jù, tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbà, wá. Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 8 tí kò gbà á rí yóò gba méjì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 síra wọn, nítorí náà ẹ ti mú Sátidé kejì sílẹ̀ báyìí.

Ìṣẹ́jú 15 ni kálukú yóò fi jókòó lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gún 40 ní wákàtí kan, àga 10 ni yóò máa kún nígbà gbogbo. Ẹ tò tó 20, torí ọ̀pọ̀ àgbà kì í dá wá.