Báwo ni mo ṣe lè sọ kòkòrò ẹ̀yìnkùlé di ètò ẹ̀kọ́ tó yanjú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Ìbàdàn ni à ń gbé, ilé ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọmọ ọdún 9 àti 7. Lára igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n rí kòkòrò kan tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ gan-an, tó di aláwọ̀ ewé bó ṣe ń dàgbà, tó so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, tó sì jáde ní labalábá ńlá dúdú tó ní àmì yẹ́lò káàkiri ìyẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi wé ọmọ tata orí ẹ̀gẹ́, tó jọ ìyá rẹ̀ láti kékeré, àfi pé kò tíì ní ìyẹ́ tó lè fi fò.

Wọ́n ń ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, a sì ti fi ẹsẹ̀ 6 tí kòkòrò ní àti 8 tí aláǹtakùn ní ṣe ìṣirò. (Ìjàlọ nìkan ni mo ní kí wọ́n máa wò láti òkèèrè.) Mo gbìyànjú láti tẹ̀ lé ìwé sáyẹ́ǹsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kòkòrò kì í dúró de orí tí a bá kàn. Ọkọ mi dábàá olùkọ́ tí yóò máa wá sílé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwé àdàkọ nìkan ni yóò kù.

Ìbéèrè mi ni pé: báwo ni mo ṣe lè to àwọn ohun tí wọ́n ń rí yìí kí ó bá iṣẹ́ kíláàsì wọn mu, láìpa ìfẹ́ wọn sí i?

Mo dúpẹ́ ṣáájú.