Ọ̀dọ́ agbábásíkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ draft NBA (ètò tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì Amẹ́ríkà náà fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun): ibi tó yẹ kí ojú yín wà

Ibi jíjù ló ti ń tan èèyàn jẹ jù. Ọmọ tó ju bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta 100 ní sáà kan ní yunifásítì, tí 38 wọlé, ẹ má tíì pè é ní atamátàsé. 100 kéré jù. Ká ní márùn-ún péré nínú wọn ta lára irin, ó di 33 nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ nípa rẹ̀ á sì yàtọ̀ pátápátá. Free throw (bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jù lẹ́yìn ìfàṣẹ̀) ni kí ẹ wò: ibi kan náà ló ń dúró sí, ẹnikẹ́ni ò dí i lójú, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló hàn níbẹ̀. Ẹni tó ń ju 80 wọlé nínú 100 níbẹ̀, tí àmì mẹ́ta rẹ̀ ò tíì dán mọ́rán, ṣì lè tún un ṣe. Ẹni tó wà ní 55, tí àmì mẹ́ta rẹ̀ wá ń wọlé ṣáá, ẹ fura sí i. Ìlà àmì mẹ́ta ní yunifásítì jẹ́ mítà 6.75, ti NBA jẹ́ 7.24, àfi ní igun tó jẹ́ 6.71. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn ìlà gan-an ló ń lẹ̀ mọ́, àbí ó ń jù ú láti ọ̀nà jíjìn.

Fún àwọn tó ga, ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Òfin yunifásítì gbà kí òmìrán tó ń dáàbò bo àwọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀ títí. Ní NBA, bí kò bá ṣọ́ alátakò kankan, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n á fi pick and roll (alátakò kan á dúró dí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lọ́nà, á wá sáré lọ síbi àwọ̀n) fà á jáde. Bí orúnkún rẹ̀ bá le gbagidi nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ yíyá bá kojú rẹ̀, ìgbésẹ̀ kejì ni wọ́n ti máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ fi bọ́ọ̀lù tó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kún un. Kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó ta á lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n lù nílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó fi ránṣẹ́ síbi tó tọ́, tí ẹnìkejì ò sì retí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ríran ṣáájú. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ò ṣeé fi téèpù wọ̀n: ipò 41 ni wọ́n ti mú Nikola Jokić, tó wá di ọ̀kan lára àwọn tó dára jù ní NBA, nínú draft 2014. Ẹ dákun, ẹ wo odindi ìdíje mẹ́rin ó kéré tán, kí èyí tí wọ́n ti na ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú wọn.